Táyà Kárávàn Mi: Ohun Tójú Mi Rí Láàárín Àkúrẹ́ sí Oǹdó

Abẹ́ igi máńgòrò kan lápá Ògbèsẹ̀, lọ́nà Ọ̀wọ̀, ni mo ti rí kárávàn náà lọ́dún 2022. Kì í ṣe tọ́rélà tó ń gbé sìmẹ́ǹtì ni mò ń sọ o, kárávàn ni, yàrá kékeré oníwíìlì méjì táwọn òyìnbó máa ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò tí wọ́n bá ń lọ gbádùn ara wọn. Àwọn tó wá ṣe títì láyé ọjọ́un ló gbé e wá, wọ́n ṣe títì tán wọ́n lọ, òun jókòó síbẹ̀. Ó ti funfun rí, àmọ́ lọ́jọ́ tí mo rí i àwọ̀ ẹ̀kọ ló kù sí i lára. Èmi ò tiẹ̀ wo ìyẹn, fèrèsé gbọ̀ngbọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo rí, mo ti ń rí ara mi níbẹ̀ tí mò ń na ìrẹsì sí kọ́sítọ́mà. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ta oúnjẹ lábẹ́ tàpólì ní North Gate FUTA, òjò ti pa mí tó.

Mo yẹ òrùlé wò, mo yẹ pákó ilẹ̀ wò, mo ki orí bọ kọ́bọ́ọ̀dù láti gbóòórùn ẹ̀ bóyá eku wà níbẹ̀. Táyà ńkọ́? Mo fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀mejì bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe, ó dún gbì gbì, eyín rẹ̀ ṣì ga bí ti táyà tuntun, inú mi dùn, mo ní owó táyà ti yọ kúrò nínú ìnáwó.

Akọ̀wé, àbúrò ọkọ mi, ló fi Hilux ọ̀gá rẹ̀ wá bá mi fà á. Orúkọ rẹ̀ kọ́ ni Akọ̀wé, ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ wọn. A ò tíì dé ọjà Ṣáṣá tí mo fi ń gbọ́ pàà, pàà, pàà lẹ́yìn wa, mo rò pé ilẹ̀kùn ló ṣí. Ìgbà tá a sọ̀ kalẹ̀, awọ òkè táyà ọwọ́ òsì ti bó bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú táyà o, àmọ́ awọ tó bó yẹn ló ń na abẹ́ kárávàn bí ẹgba, ó ti já wáyà iná ẹ̀yìn, ó ti fọ́ pákó abẹ́ rẹ̀ lójú kan.

Bàbá fọ́kànáísà kan wà létí títì níbẹ̀. Ó tutọ́ sórí àkísà, ó nu ẹ̀gbẹ́ táyà náà títí nọ́ńbà fi yọ, ó fi èékánná tọ́ka sí i: 417. Ó wo ojú mi, ó ní, "Màdámù, táyà yín yìí lè bí ọmọ tó ti lọ́kọ o."

Bó ṣe là á yé mi nìyí. Lára táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ orí rẹ̀. Láti ọdún 2000 síbí mẹ́rin ni nọ́ńbà yẹn, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún, tẹ́ ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tó bá jẹ́ mẹ́ta péré lẹ rí, wọ́n ti ṣe é kó tó di ọdún 2000. 417 tèmi yẹn lè jẹ́ 1987, ó lè jẹ́ 1997, èwo ló dáa níbẹ̀? Àwọn Road Safety máa ń pariwo pé ọdún mẹ́rin ni kéèyàn lo táyà mọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Tèmi ti ju ogún ọdún lọ, mo dẹ̀ ń yìn ín pé eyín rẹ̀ ga.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé táyà mọ́tò tó ń rìn lójoojúmọ́, eyín rẹ̀ máa jẹ tán kó tó gbó. Ti kárávàn ò rí bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sójú kan, ẹrù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òòrùn ń bẹ́ sí i lára láti àárọ̀ dalẹ́, rọ́bà ń gbẹ nínú, eyín ò kúrò níbì kankan. Ẹ bá mi tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí i tó là wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ odò tó gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ó dáa, mo ti gbọ́n. Mo lọ síbi tí wọ́n ń to táyà tọ́kunbọ̀ sí, mo lọ bí ọ̀gá, mo ń tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹ̀gbẹ́ táyà, mo ń ka nọ́ńbà. Ọmọ tó ń tà á ń wò mí bíi pé Kọ́sítọ́ọ̀mù ni mí, torí ìjọba fòfin de kíkó táyà tọ́kunbọ̀ wọlé tipẹ́, ẹ̀yin náà dẹ̀ ń rí i bó ṣe kún títì. Mo rí méjì tí wọ́n kọ 2319 sí lára, 175/70R13, ₦16,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́ta péré. Mo ná an, mo sanwó, mo ń fi orin bọ̀ nílé. Nọ́ńbà kan tẹ̀ lé sáìsì yẹn lẹ́yìn, 82, èmi ò bi í pé kí lo ń ṣe níbẹ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sínú kárávàn. Firísà, gáàsì méjì, jẹnẹrétọ̀, àwọn ìkòkò tí mo fi ń se òde, kúlà, tábìlì, àga oníke, àpò ìrẹsì, àti dúrọ́ọ̀mù omi ńlá kan tí mo ní kí wẹ́lídà dè mọ́ igun torí mi ò fẹ́ máa tọrọ omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi ní ẹrù yẹn ò pọ̀ jù báyìí? Mo ní kó lọ jókòó.

Ọdún Ekimogun là ń gbé e lọ ní Oǹdó. Èrò á pọ̀, owó á wọlé, mo ti se ẹ̀fọ́ sílẹ̀ àti ata tí mo máa fi da ìrẹsì. A kúrò ní Àkúrẹ́ láàárọ̀, a kọjá Àpọnmù, ó kù díẹ̀ ká dé Òwènà. Ó dún bí ìbọn ọdẹ. Gbogbo ẹ̀yìn Hilux fì sí ọ̀tún, mo rí kárávàn nínú dígí tó ń bọ̀ wá bá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi pé ó fẹ́ ya wá sílẹ̀. Mo pariwo Jésù. Akọ̀wé ò tẹ bíréèkì, ìyẹn ló gbà wá, ó kàn yọ ẹsẹ̀ lórí iná, ó di stíarìn mú gírígírí, ó jẹ́ kó máa falẹ̀ fúnra rẹ̀ títí a fi dúró sínú koríko. Ó ní lọ́jọ́ tóun kọ́ mọ́tò ni ọ̀gá òun ti lù ú mọ́ òun lórí pé bí táyà bá bẹ́, bíréèkì lọ̀tá.

Ìgbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn kárávàn, ata ti dé ara ògiri. Ata pupa látòkè délẹ̀, ẹ̀fọ́ wà lórí firísà, kúlà ti dojú bolẹ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn kékeré yẹn, mo sunkún. Àwọn ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Òwènà ló wá bá mi, ọ̀kan bu omi wá fún mi, ó ní ṣé kò sẹ́ni tó kú? Mo ní kò sí. Ó ní kí n dìde jàre.

Mi ò sọ òótọ́ fún ọkọ mi lọ́jọ́ yẹn, mo ní ìṣó ló gún táyà.

Ríìmù náà ti tẹ̀, torí ó ti fi irin lásán rìn lórí ọ̀dà. Ibẹ̀ ni wàhálà kejì ti wọlé. Mẹkáníìkì kan tí mo bá lápá Ìlẹ́ṣà Gáréèjì ní táyà 13 ti kéré jù fún ẹrù mi, kí n gbé e sókè sí 14, ìyẹn bọ́gbọ́n mu, títí di òní ó ṣì bọ́gbọ́n mu. Ó ní ríìmù Camry pẹ́ńsù láìtì máa wọ̀ ọ́, ihò márùn-ún ni, ihò márùn-ún náà ló wà lára kárávàn. Ó kì í bọ̀ ọ́. Bóòlùtì mẹ́ta kọ́kọ́ wọlé wọ̀ọ̀, àwọn méjì tó kù ń ṣagídí, ó ki páìpù bọ ẹ̀yìn spánà, ó gùn ún lórí. "Ó ti wọlé, Màdámù." Mo ń wò ó o, mo rí i pé orí bóòlùtì ọ̀hún jókòó gẹ̀gẹ̀, apá kan kan ríìmù, apá kejì ò kàn án. Mo rí i, mi ò sọ̀rọ̀, torí kí ni obìnrin oníràìsì mọ̀ nípa bóòlùtì? Tí mo bá ń rántí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ló ṣì ń dùn mí jù, ju ata ara ògiri lọ.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde 2023, à ń lọ Ìdànrè, àwọn èèyàn máa ń gun òkè lọ́jọ́ ọdún, ebi dẹ̀ máa ń pa wọ́n tí wọ́n bá sọ̀. Akọ̀wé ṣàdédé ní, "Ìyàwó wa, ẹ wo wíìlì yẹn, ó ń jó." Lóòótọ́ ló ń jó, ó ń ṣe bí ẹni tó ti mu ẹmu yó. Nígbà tá a dúró, bóòlùtì méjì ò sí mọ́, ọ̀kan ti kán, méjì tó kù ni mo fi ọwọ́ lásán tú. Ihò ríìmù tó jẹ́ róbótó tẹ́lẹ̀ ti di bí ẹyin. Bí wíìlì yẹn bá yọ tán tó yí wọ àárín àwọn ọmọ tó ń rìn létí títì... mi ò fẹ́ máa ronú ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnì kan júwe bàbá kan fún mi lọ́nà Ọ̀dà. Bàbá ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Dunlop ní Ìkẹjà nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe táyà lórílẹ̀-èdè yìí. Michelin ti Port Harcourt ti kógbá sílé ní 2007, Dunlop náà tẹ̀ lé e láìpẹ́, àtìgbà náà, ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ jù lọ táyà wa ti ń wá. Ó ń ta táyà díẹ̀díẹ̀ níwájú ilé rẹ̀. Mo rojọ́ fún un láti Ògbèsẹ̀ títí dé Ìdànrè. Kò sọ̀rọ̀ táyà rárá, ó bi mí pé kílò mélòó ni kárávàn mi pẹ̀lú ẹrù. Mo dákẹ́. Ó ní, "Ìyá oníràìsì, ẹ mọ iye kóńgò tẹ́ ẹ máa sè fún igba èèyàn, ẹ ò wá mọ ìwọ̀n ilé ìdáná yín? Ẹ lọ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó padà wá."

Ibo ni wọ́n ti ń wọn kárávàn l'Ákùúrẹ́? Kọ́wárì. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, wọ́n ní òṣùwọ̀n ńlá tí típà máa ń gùn kó tó jáde. Mo bẹ̀ wọ́n, mo fún ọmọ tó wà nídìí ẹ̀ lówó omi, a já kárávàn sórí ẹ̀: 1,340. Nígbà náà ni mo wá rántí irin pẹlẹbẹ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí mo ti kùn mọ́ ọn lára pẹ̀lú ọ̀dà, mo ha ọ̀dà náà kúrò. Àwọn tó ṣe é kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ju 1,200 lọ.

Bàbá wá sọ ìtumọ̀ 82 fún mi. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ ẹrù tí táyà kan lè gbé, 82 jẹ́ kílò 475, 94 jẹ́ 670, 102 jẹ́ 850. Táyà méjì oní-475, 950 lápapọ̀, mo gbé ẹrù tó lé ní 1,300 kà á lórí, òòrùn tún wà lókè, kí ló fẹ́ má bẹ́? Táyà mọ́tò kékeré ni, kò ṣẹ̀ mí, èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Bàbá ní kí n yé tan ara mi jẹ, táyà tó lágbára ò lè sọ ásùlù 1,200, irin abẹ́ tó so wíìlì méjèèjì pọ̀, di 1,400, ẹrù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò.

Mo ti ń dágbére fún firísà mi. Bàbá béèrè pé dúrọ́ọ̀mù yẹn lítà mélòó ni? 200. Ó ní omi lítà kan, kílò kan ni. Háà! Omi ni mò ń gbé kiri, omi tó wà ní gbogbo ibi tí mò ń lọ. A tú dúrọ́ọ̀mù kúrò, mo fi kẹ́ẹ̀gì kékeré kan rọ́pò rẹ̀, a padà sí kọ́wárì: 1,155. Firísà ò kúrò níbì kankan.

Ríìmù ló wá kàn. Bàbá fi rúlà wọn ihò ara họ́ọ̀bù, irin tí wọ́n ń de wíìlì mọ́, láti àárín ihò kan sí àárín ìkejì tó tẹ̀ lé e, ó fi 1.7 sọ ọ́ di púpọ̀, ó ní mìlímítà 112 ni, ìyẹn ìbú òbìrí tí ihò márùn-ún náà tò yí ká. Ti Camry jẹ́ 114.3. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ihò sí ihò ò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ, káàdì ATM méjì tẹ́ ẹ gbé lé ara wọn ló tó bẹ́ẹ̀, òun náà ló fẹ́ pa èèyàn lọ́nà Ìdànrè. Ó ní Benz ló ń lo 112 oníhò márùn-ún, ká lọ wá ríìmù Benz àtijọ́, àwọn 230 ìgbà Ṣàgàrí yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi wá a. Ìgbà tá a rí i, Bàbá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpata inú rẹ̀, ohun tí wọ́n lù sí i lára yọ: 5½Jx14, ET30. Ó lọ ha ríìmù àtijọ́ kárávàn náà, ET30 lòun náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. ET yìí ló ń sọ bí wíìlì ṣe máa wọnú tó tàbí kó yọ síta tó, tí ti tuntun bá jìnnà sí ti àtijọ́, táyà lè máa fi ara ha irin abẹ́ tàbí kó máa ha bọ́dì.

Mo rò pé ó parí, Bàbá ní kò tíì parí, ó mú bóòlùtì àtijọ́ ti kárávàn, ó fi hàn mí, ẹ̀yìn orí rẹ̀ ṣẹnu ṣóńṣó bí àrọ tí a fi ń rọ epo. Ó ní kí n ki ìka bọ ihò ríìmù Benz. Inú rẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀ bí inú ṣíbí. Alárọ ò lè jókòó sínú ṣíbí, á kàn gúnlẹ̀ sí etí rẹ̀ ni, á dà bíi pé ó le, á máa tú díẹ̀díẹ̀. Bóòlùtì Benz olórí róbótó la rà, mẹ́wàá, owó tí mo rò pé ó máa pọ̀ ò pọ̀ rárá.

Táyà 185R14C la rà, tuntun, irú èyí tí bọ́ọ̀sì akérò ń lò, lẹ́tà C ẹ̀yìn yẹn ló ń sọ pé táyà ẹrù ni. Wọ́n kọ 102/100 sí i lára, àkọ́kọ́ ni ká wò nígbà tó jẹ́ táyà kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. ₦52,000 lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́dún 2023 yẹn, mo ra mẹ́ta, torí ẹni tó ti sunkún ní Òwènà á mọ iyì sípíà. Kí n tó sanwó Bàbá ní kí n fọwọ́ tọ etí inú rẹ̀ yí ká, ibi tó máa ń jókòó sí ríìmù. Àwọn oníṣòwò kan máa ń fún táyà mẹ́ta mẹ́rin sínú ara wọn nínú kọ̀ǹténà kí àyè lè gbà, etí rẹ̀ á ti ká kó tó dé Èkó, á jẹ́ tuntun lóòótọ́ àmọ́ ó ti ṣèṣe. A dá ọ̀kan padà. Nọ́ńbà ọjọ́ orí dẹ̀ rèé, ẹ̀gbẹ́ kan táyà péré ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pátápátá, tẹ́ ẹ bá bá a lórí ríìmù tẹ́ ẹ ò rí i, ẹ yí i sí òdìkejì, kì í ṣàìsí níbẹ̀.

Táyà yìí fi bíi sẹ̀ǹtímítà méje ga ju 175/70R13 tí mo lò tẹ́lẹ̀. Bàbá ò jẹ́ ká fi ojú wò ó lásán, ó kó ọmọ mẹ́fà ládùúgbò sínú kárávàn, ó ní kí wọ́n máa fò. Ẹ ò rí ayọ̀ àwọn ọmọ yẹn! Òun wà nílẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ń wo òkè táyà. Ti apá ọ̀tún ń kan etí irin, wẹ́lídà gé e díẹ̀, ó ká etí rẹ̀ sókè.

A tún fọ bíarìn méjèèjì, a fi gíríìsì tuntun sí i, èyí tó wà níbẹ̀ ti le bí àbẹ́là. Bí ẹni ń ya ìràwọ̀ la ṣe fún àwọn bóòlùtì le, kì í ṣe yípo, a fún èyí, a fo ìkejì, kí ríìmù má tẹ̀ sí apá kan. Afẹ́fẹ́, fọ́kànáísà ti fẹ́ fi 30 sí i bíi ti mọ́tò, Bàbá ní 45, láàárọ̀ kí òòrùn tó mú. Ẹ̀gbẹ́ táyà kọ 65, ìyẹn ni òpin, kì í ṣe pé ká gbé e débẹ̀, ríìmù Benz náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Oǹdó la kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹ̀rù ń bà mí títí a fi kọjá Òwènà, mo ju ọwọ́ sí àwọn ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀. Ní Yaba, Akọ̀wé mú spánà, Bàbá ti sọ pé lẹ́yìn bíi kìlómítà 50 ká tún bóòlùtì fún le, bóòlùtì kan sì tún yí díẹ̀. Mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé họ́ọ̀bù méjèèjì, wọ́n lọ́wọ́ọ́wọ́, wọn ò gbóná. Ata wà nínú ìkòkò.

Tá a bá ti wà ní North Gate báyìí, mo máa ń fi àpò ìrẹsì bo táyà méjèèjì kí òòrùn má bàa rí wọn. Ìyá ọkọ mi ti gba ríìmù Camry kan, ó ń da èédú sínú rẹ̀ yan àgbàdo. Ìkejì ṣì wà lẹ́yìn ilé.